Oríkì Tí A Kò Lẹ̀ Mọ́ Pósí

Àbẹ̀ní Ọ̀kín, ọmọ Ìyèrú. Ọmọ ìlú tí ọmọdé ti ń gbé àgbà ṣánlẹ̀ lójú agbo, tí àgbà á dìde, á gbọn aṣọ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀ní, obìnrin gíga tí kì í tẹ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ọkọ rẹ̀. Afínjú tó ń fọ àwo kó tó tà á. Ọmọdébìnrin tó jókòó lórí ẹrù láti Accra dé Ọ̀fà, tí kò béèrè omi. Eléyín funfun tó ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó tán. Ìyá ọmọ mẹ́ta. Ìyá oníwèé. Àbẹ̀ní mi, ọkọ rẹ ló ń pè ọ́. Sùn re o.

Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ gan-an wà lẹ́nu mi, bí orúkọ gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ti wà lẹ́nu mi: olùkọ́ rẹ̀, dókítà rẹ̀, obìnrin tó ń ta kẹ́ńkẹ́ àgbàdo lẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì, gbogbo wọn pátá, orúkọ wọn àti ti bàbá wọn. N kò gbàgbé orúkọ èèyàn rí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ṣì wà láyé, n kò sì fẹ́ kó orúkọ alààyè wá sídìí ọ̀rọ̀ òkú. Ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n bí iṣẹ́ wọn ṣe rí.

Èmi kò kàwé púpọ̀. Lọ́dún tí ìjọba Gánà ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ, Ọ̀fà ni wọ́n kó wa lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ iná. Nígbà tí ọ̀nà tún là, mo padà sí Accra, mo gba ṣọ́ọ̀bù sí ọjà Okaishie, mo ń ta wáyà àti gílóòbù. Àbẹ̀ní náà padà wá. Àwo tánńganran ló ń tà ní tirẹ̀, àwo àti ife àti fíláàsì, ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi. Ibẹ̀ la ti mọra. Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá ní Accra, la ti tọ́ àwọn ọmọ wa dàgbà.

Lọ́dún tí wọ́n lé wa yẹn, ó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Accra, ipò kìíní ló sì ń gbà. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé náà kò tán lẹ́nu rẹ̀ rí. Bó bá ń gbọn eruku kúrò lára àwo, á ní, "Ìṣirò tí mo ṣe kù díẹ̀ kó parí tí wọ́n fi ní ká bọ́ sínú lọ́rì." Nígbà tí àbíkẹ́yìn wa jáde ní yunifásítì tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní báńkì, ìyàwó mi ní ó kan òun. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ó lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, ó ṣe gbogbo ìdánwò tó yẹ kó ti ṣe tipẹ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó ń gba àgbàlagbà ní òpin ọ̀sẹ̀ sì gbà á wọlé. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì lòun fẹ́ kọ́.

Obìnrin Àṣáńtè tó ń ta ìkòkò ní òdìkejì wa pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ tó gbọ́, ó pè é ní Alata bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. "Ei, Alata! Ṣé Gẹ̀ẹ́sì lo fẹ́ máa fi ta àwo ni?"

Ìyàwó mi kò gbójú sókè. "Ṣáínà ni àwo náà ti wá, ọ̀rẹ́ mi. Kò kúkú gbọ́ Twi."

Ó la gbogbo ọdún yẹn já. Ó wá ku ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, èyí tó ń sọ nípa ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ náà. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò yóò wáyé nígbà tí òjò bá dé.

Lọ́jọ́ Sátidé tó bá ti kíláàsì dé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, á fi awò sójú, á ka Gẹ̀ẹ́sì náà fún ara rẹ̀, á wá máa sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá bí ẹni ń ròyìn ọ̀rọ̀ àdúgbò.

"Ọkọ mi, ẹ gbọ́ ohun tójú àwọn èèyàn yìí rí."

Mo gbọ́ ọ. Òtútù pa wọ́n, ebi pa wọ́n, àìsàn kó wọn. Ó ní wọ́n sọ pé àwọn kan wà tí òkú wọn pọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ débi pé wọ́n ń tẹ ilẹ̀ sàréè pẹrẹsẹ, kí àwọn onílẹ̀ má bàa mọ bí àwọn tó kù ti kéré tó. Bó ti débẹ̀, ó pa ìwé dé, ó fi ìka há àárín rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Nígbà tí wọ́n ń kó wọn lọ, àbúrò rẹ̀ jòjòló kú lórí lọ́rì nígbà tí wọ́n kọjá Lomé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni bàbá rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ sí, tí dírẹ́bà ń fọn fèrè pé kí wọ́n ṣe kíá. Nígbà tí ìyá wọn ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó wá ojú ibẹ̀ títí. Kò rí i. Ilẹ̀ ti tẹ́jú.

Ó ní, "Èmi o, ibi tí mo bá kú sí ni kí ẹ sin mí sí. Ẹ má gbé mi sójú ọ̀nà kankan."

"Ta ló ń sọ ti ikú níbí?"

"Ìwé ni," ó dáhùn, ó sì tún ṣí i.

Ikú pọ̀ nínú ìwé náà lóòótọ́. Wàásù wà níbẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún wọn pé kí oníkálùkù yẹ ara rẹ̀ wò, torí ọjọ́ ti lọ. Obìnrin wà tó ń kọ ewì sí ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn èèyàn dúdú náà wà níbẹ̀, tí wọ́n kó kọjá ní etíkun tiwa yìí, tí wọ́n kọ́ ìwé lóko ẹrú, tí wọ́n sì kọ ohun tójú wọn rí. Èyí tó yà á lẹ́nu jù ni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn òyìnbó ọ̀hún tí wọn kò kà sí àmì. Ẹran ọ̀sìn kú, àmì ni. Ilé jó, àmì ni. Ó wá fi ṣe àwàdà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí àwo bá bọ́ fọ́, á ní, "Àwọn èèyàn inú ìwé mi ì bá ti máa gbààwẹ̀ báyìí!" A ó jọ rẹ́rìn-ín. Àsìkò dumsor ni, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú. Bí iná bá lọ, á kọjú sí mi: "Àmì rèé o, ọkọ mi tó ń ta gílóòbù."

Lọ́jọ́ kan ó ti kíláàsì dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wọn, ọ̀dọ́kùnrin Fantè kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà nítorí ìwé tó kà, ló sọ fún wọn pé bí ẹni pàtàkì bá kú láàárín àwọn èèyàn ọ̀hún, wọ́n a kọ ewì tí wọ́n fi yìn ín sínú tákàdá, wọ́n a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pósí rẹ̀.

Mo ní, "Mọ́ pósí? Ta ni yóò kà á? Òkú?"

"Ohun tí mo bi í gan-an nìyẹn! Mo ní, 'Dókítà, ẹni tí wọ́n ń yìn kò wá ní gbọ́ ọ?' Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Mọ́mì, báwo ni tiyín?' Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, láàárọ̀ ni ọkọ mi ń kì mí, nígbà tí mo bá ń fọ eyín lọ́wọ́."

Òótọ́ ló sọ. Nílé wa, ojoojúmọ́ ni mò ń kì í. Ṣùgbọ́n oríkì ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe láàárín àwa méjèèjì. Bí mo bá fẹ́ kó ṣe ohun tó le fún mi, n kò ní pàṣẹ fún un, n kò sì ní jà. Màá dìde dúró, màá kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí orí rẹ̀ yóò fi wú, tí yóò kúnlẹ̀, tí yóò sì ní, "Mo gbọ́." Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: obìnrin tí ọkọ kì délẹ̀ tó tún kọ̀, ó ti dójú ti ilé tó ti wá. Ohun tí mo fi mú un padà nìyẹn lọ́dún tó bínú lọ sí Ọ̀fà. Òun ni mo fi bẹ̀ ẹ́ tó gbà kí ìyá mi tó ti ṣarán wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Kò kọ̀ ọ́ rí.

Ọyẹ́ ṣì mú nígbà tó sọ fún mi pé kókó kan wà lábẹ́ ọmú òun òsì. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ìgbà náà. Mo mú un lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ká padà wá gbọ́ èsì, a sì padà lọ. Obìnrin ni dókítà tó gbà wá, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí."

"Lẹ́yìn ìdánwò," ìyàwó mi ní.

"Ìdánwò ọmọ yín?"

"Tèmi."

Dókítà gbé gègé sílẹ̀. Ó wò mí, ó tún wò ó. "Màmá, kókó yìí kò mọ̀ pé ẹ ní ìdánwò o. Ó ń dàgbà ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, ọmọ mi. Wọ́n ti já ìwé gbà lọ́wọ́ mi rí, kí n tó parí rẹ̀. N kò tún ní gbé èyí sílẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti bu omi sójú, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo la ẹnu, mo ní, "Àbẹ̀ní..." Kíá ló fi ọwọ́ tútù bò mí lẹ́nu. Omi ń kán sí àyà mi.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má kì mí."

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu mi.

"Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Bí ẹ bá kì mí dópin, màá kúnlẹ̀, màá ní mo gbọ́, màá sì lọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọdún tó ń bọ̀, n kò mọ ibi tí màá wà. Ẹ bá mi gbé oríkì mi pa mọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá jáde nínú ìdánwò, ẹ kì mí nígbà náà. Ibi tẹ́ ẹ bá ní ká lọ, màá lọ."

"Bí ó bá wá pẹ́ jù ńkọ́?"

"Ẹ sọ pé ẹ gbà, ọkọ mi."

Mo ní mo gbà.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti yí padà. Ẹni tí kò bá gbé pẹ̀lú wa lè má mọ̀ ọ́n. A ń kí ara wa, a ń jẹun, a ń lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, nígbà tó bá ń fọ eyín, ìró omi nìkan ni mò ń gbọ́. Mo ń pè é ní "Ìyá àwọn ọmọ mi", bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Òun náà mọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn á dúró sídìí omi ju bó ti yẹ lọ, bí ẹni ń retí nǹkan, kó tó nu ojú wọlé.

Ọyẹ́ ká kúrò, ooru dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ń wọ bùbá tó fẹ̀, ó ń fi gèlè bo ọrùn. Apá òsì rẹ̀ ń wú, ó sì ń gbé e lé orí tìmùtìmù nígbà tó bá ń kàwé. Kì í ka ìwé sókè fún mi mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ń bi í pé, "Kí ló tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn rẹ?" Á ní, "Wọ́n ṣì ń kú, ọkọ mi," á sì máa kà á lọ. Lọ́jọ́ kan fíláàsì ńlá kan ṣàdédé fọ́ lórí pẹpẹ, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Obìnrin oníkòkò wò wá, ó ń retí ẹ̀fẹ̀. Mo retí rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú páálí.

Àbíkẹ́yìn wa kò jẹ́ kí n sinmi. Accra la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìnkùlé.

"Dádì, Màámi ń rù paa. Ẹ kì í now. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ní kí n má kì í."

"Ó ní! Dádì, ó ní! Ṣé tí ilé bá ń jó, tí èèyàn bá ní kí ẹ má pe panápaná, ẹ ò ní pè wọ́n?"

"Iná kọ́ nìyí. Ìyá rẹ ni."

"Ẹ kọ́ mi, kí èmi kì í."

"Ẹnu ọmọ kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́," mo wí fún un. Ó bú sẹ́kún, ó ń sọ Twi tí mo gbọ́ àti èyí tí n kò gbọ́.

Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan. Ọjà ń kún lọ́jọ́ náà, èèyàn ń kọjá tẹrù-tẹrù, mo sì rí i tó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé àkópọ̀ àwo, tí òógùn bò ó lójú. Mo ké láti ìdí ṣọ́ọ̀bù mi: "Àbẹ̀ní Ọ̀kín!" Ó yíjú. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni. Ó mi orí rẹ̀ díẹ̀. Mo gbé ìyókù mì.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi gba títì. Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi àti ọmọ wa la mú un lọ ní takisí. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di gègé mú láti ilé bí ọmọ kíláàsì kìíní. Lẹ́nu géètì, ó ní kí a má ṣe bá òun wọlé. Ó rọra ń rìn lọ láàárín àwọn ọmọ tí òun lè bí, wọ́n ń ní "Mọ́mì, gbàdúrà fún wa o", ó ń dá wọn lóhùn. Mo jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin oníkẹ́ńkẹ́. Ó fún mi ní àga rẹ̀. Ó béèrè ẹni tí mo ń dúró dè, mo ní ìyàwó mi ń ṣe ìdánwò. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó sì dákẹ́ ẹ̀rín. Òjò ń ṣú, kò tíì rọ̀. Mò ń ka oríkì náà nínú ara mi, ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè ti gbàgbé ibì kan.

Ó jáde pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀, tó gbé agbòòrùn lé e lórí nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Mo dìde. N kò dúró kó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo kì í láti ibi tí mo wà, pẹ̀lú gbogbo ohùn tó kù nínú mi, láti Àbẹ̀ní Ọ̀kín títí dé ìyá ọmọ mẹ́ta, mo sì fi ìyá oníwèé kún un lọ́jọ́ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Trotro kan, ọkọ̀ akérò tiwọn, dẹsẹ̀ dúró, mate rẹ̀ tó ń gba owó ọkọ̀ yọrí síta. Ìyàwó mi wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù, ó gbé apá tó wú náà lé itan.

Olùkọ́ rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e. "Mọ́mì, kí ló dé? Kí ni bàbá ń wí?"

Ó gbójú sókè wò ó, omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀, eyín funfun rẹ̀ yọ. "Dókítà, èyí tí àwa kì í lẹ̀ mọ́ pósí nìyí."

Ó wá kọjú sí mi. "Mo gbọ́, ọkọ mi. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Láti ibẹ̀ la ti lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin yẹn kò bá a wí. Wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó, wọ́n sì rán ojú ọgbẹ́ náà pa dà. Dókítà mú mi jókòó, ó ní kókó náà ti rìn, ó ti dé ibi tí ọwọ́ kò tó. Ó ní ká máa mú un lọ sílé, ká máa fún un ní oògùn ìrora. Ọmọ wa béèrè bóyá ọwọ́ ì bá tó o ká ní a ti wá nígbà ọyẹ́. Dókítà ní òun kò lè búra. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú.

Nílé, mo tún ń kì í láàárọ̀. Èmi ni mò ń bá a fọ eyín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olùkọ́ rẹ̀ wá kí i, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ wa. Ó ní èsì kò tíì jáde, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ló ka ìwé rẹ̀: ó yege, ó sì yege dáadáa.

"Ibo ni mo ti ṣì í?" ìyàwó mi béèrè. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ẹ́rẹ́.

"Ibì kan, Mọ́mì. Níbi tí ẹ ti ń fi ewì pósí wọn wé tiyín. Mo yọ máàkì díẹ̀, torí ẹ kò fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ti kà á kí n tó rántí ọjọ́ ẹnu géètì."

"Ẹ wá yọ máàkì mi, ẹ̀rí dúró níwájú yín tó ń pariwo!" Ó rẹ́rìn-ín, ìrora gbé ẹ̀rín náà mì. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó sì sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, mo gbọ́ bó ṣe ń fọn imú.

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbẹ́ mi ló wà. Àwọn obìnrin Ọ̀fà wẹ̀ ẹ́, wọ́n wé e ní aṣọ funfun. Obìnrin oníkòkò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó lórí ẹní, ó ń kí wa pẹ̀lẹ́ ní Twi ṣáá pé, "Due, due." Nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo mú ọ̀kan nínú gègé rẹ̀, mo kọ oríkì rẹ̀ sínú tákàdá. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, mo nà án sí áfà wa. Àbúrò mi lọ́jọ́ orí ni, ó mọ̀ mí dáadáa. Ó kà á tán, ó ká a, ó fi í sínú àpò agbádá mi, ó rọra lù mí léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, àwa kì í fi nǹkan mọ́ òkú. Kò sì sí pósí tí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́."

Mo ní mo mọ̀. Ohun tó wà nínú tákàdá náà ni mo kọ sókè níbẹ̀rẹ̀.

A kò gbé e sójú ọ̀nà kankan. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la sin ín, ní ibojì àwọn Mùsùlùmí, ní Accra.